Ogbó Ojú Ọ̀run: Bí Bàálù Ogun Rọ́ṣíà Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ní ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ tọ Gẹ̀ẹ́sì lọ pé kó ta bàálù ogun fún òun. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Ó ní òun lè ta ìbọn, òun lè ta ọkọ̀ onírin tí sójà fi ń jagun lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù tí ń ju bọ́ǹbù? Ó ti o! Rọ́ṣíà ló wá tà á fún wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù nínú bàálù Rọ́ṣíà ọ̀hún, ta ni baba ńlá rẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni! Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, òun ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan ọmọ Ìlá kan bàálù ogun? Ìlú tí kò ní pápá ọkọ̀ òfurufú, tí a mọ̀ mọ́ iṣu àti ẹmu! Ẹ fara balẹ̀ ná. Gbogbo wa ní Ìgbómìnà, ìbáà ṣe Ìlá, ìbáà ṣe Òkè-Ìlá, ìbáà ṣe Ọ̀rà, a mọ ìtàn ogbó. Àwọn bàbá wa sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fún un ní ogbó kan, ìyẹn àdá ńlá. Ogbó yìí ló fi ń la igbó, òun ló ń fi ọ̀nà hàn án, ni wọ́n bá ń sọ pé "ogbó mọ̀nà", tó di Ìgbómìnà. Ẹ wo iṣẹ́ tí irin kan ṣoṣo ń ṣe: ó ń la ọ̀nà, ó ń ṣán oko, bí ọ̀tá bá sì yọjú, ó ń gba olówó rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń rọ bàálù ogun láyé òde òní ń wá kiri gan-an nìyẹn: bàálù kan ṣoṣo tí yóò máa bá bàálù ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lókè, tí yóò máa ju bọ́ǹbù sílẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ òkun, tí yóò sì ríran lóru bí ẹni pé ọ̀sán ni. Ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó ni ayé ná kí wọ́n tó rí ogbó ojú ọ̀run yìí rọ.

Àwa náà kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ohun ìjà tó ti òkèèrè wá. Ẹ rántí ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà ní apá kan. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwa Ìgbómìnà wà ní apá kejì, lábẹ́ Èkìtìparapọ̀. Nígbà tí ogun náà gbóná, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé, ìbọn tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tí kò dà bíi ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu. Dídún ìbọn yìí láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìbọn ti Èkó wá, ọta rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti Èkó wá. Alágbẹ̀dẹ ilé kò lè rọ ọ́. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ìbọn di igi ìdáná. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun náà ni yóò tún ṣẹlẹ̀ sí wa lójú ọ̀run ní àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Rọ́ṣíà. Ní ìparí ọdún 1939 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Mọ́síkò fún yíya àwòrán bàálù ogun. Ẹni méjì ni olórí ibẹ̀: Artem Mikoyan, ọmọ Armenia, àti Mikhail Gurevich. Wọ́n fa orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, ó di MiG. "I" kékeré tó wà láàárín yẹn, "àti" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Rọ́ṣíà. Mikoyan àti Gurevich, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ayé ti ń kúrò lórí bàálù abẹ̀bẹ̀, jẹ́ẹ̀tì ló kù tí wọ́n ń sáré lé. Rọ́ṣíà mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìyẹ́ bàálù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni kò sí. Gẹ̀ẹ́sì ló ní èyí tó dára jù lọ, Rolls-Royce ló ń ṣe é, Nene ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń pa á nítàn pé nígbà tí àwọn amòye Rọ́ṣíà sọ fún Stalin pé kí àwọn lọ ra Nene ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu yà á, ó bi wọ́n pé òmùgọ̀ wo ni yóò ta àṣírí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ ní 1946, Mikoyan fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì tà á fún wọn! Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìjọba ẹgbẹ́ Lébà ń wá owó àti ọ̀rẹ́. Rọ́ṣíà gbé ẹ́ńjìnnì náà délé, wọ́n tú u wò nọ́ọ̀tì kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n rọ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1947, MiG-15 gbéra nílẹ̀. Nígbà tó di 1950, bàálù náà ń lé àwọn bàálù Amẹ́ríkà kiri lójú ọ̀run Kòríà, ibi tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà. Idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. MiG-15 ní àléébù kan: bó bá ti ń sún mọ́ eré tí ohùn ń sá, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní gbọ́ràn sí ẹni tó ń wà á lẹ́nu mọ́. Wọ́n bá tún un ṣe. Wọ́n fa ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn sí i bíi ti àṣá tó fẹ́ já wálẹ̀, wọ́n na ara rẹ̀ gùn díẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950 ni èyí kọ́kọ́ fò, MiG-17 lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ohun kan kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó máa ń da epo sí iná láti ẹ̀yìn, kí eré rẹ̀ lè pọ̀ sí i lójijì. Ó lè sá tó kìlómítà 1,100 ní wákàtí kan. Ìbọn ńlá mẹ́ta ló wà nímú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rọ ọ́: kó lọ pàdé bàálù ọ̀tá lójú ọ̀run, kó já a bọ́. Kò ní ojú tó ń ríran lóru. Bọ́ǹbù tó lè gbé kò ju méjì lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ àgbá epo tó wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rí àyè fi í kọ́. Àdá ni, kì í ṣe ogbó.

Ẹ wá padà sílé. Oṣù kẹrin ọdún 1964 ni òfin dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀. Jámánì ló kọ́ wọn níṣẹ́, ará Jámánì náà sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz. Bàálù tí wọ́n ní nígbà náà kò ju èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù lọ. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, kò sí bàálù ogun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ará Jámánì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Bíáfírà wọ Mid-West, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì ń bọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní ti wá: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Bíáfírà ti rí bàálù àtijọ́ mélòó kan rà, wọ́n sì ń fi wọ́n ju bọ́ǹbù, títí dé Èkó pàápàá.

Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, Amẹ́ríkà ní òun kò ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Olóyè Anthony Enahoro ṣíwájú àwọn aṣojú ìjọba lọ sí Mọ́síkò. Ohun tí wọ́n kéde fáyé ni pé àdéhùn lórí àṣà àti ẹ̀kọ́ ni Nàìjíríà àti Rọ́ṣíà jọ ṣe. Àṣà kẹ̀? Kí oṣù kẹjọ tó parí, bàálù akẹ́rù Rọ́ṣíà ti ń já àpótí ńláńlá sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kánò. MiG ló wà nínú àpótí. Àwọn mẹkáníìkì Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ L-29 náà ti Czechoslovakia wá. Bí àkókò ti ń lọ, bàálù akó-bọ́ǹbù Il-28 tún dé.

Ta ni yóò wà á? Ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n wà kò tíì sí. Àwọn ará Íjíbítì ló kọ́kọ́ wà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó háyà àwọn òyìnbó láti ibi gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, àwọn ará South Africa wà nínú wọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn mi: Nàìjíríà ń bá ara rẹ̀ jà, bàálù jẹ́ ti Rọ́ṣíà, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọmọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń wà á jẹ́ ará Íjíbítì tàbí òyìnbó tó ń wá owó oṣù. Kí ló wá jẹ́ tiwa níbẹ̀? Òkú ni.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bàálù tí wọ́n rọ láti já bàálù bọ́, tí kò rí bàálù kankan já bọ́ mọ́ nígbà tó yá, ilẹ̀ ló dojú kọ. Ó ń sá eré burúkú, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń bá a wo ibi tí bọ́ǹbù ń lọ. Ẹni tó ń wà á ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láti mọ̀ bóyá àgọ́ sójà ló wà nísàlẹ̀ ni àbí ọjà. Ọ̀pọ̀ ọjà, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì ló jó ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní 1969, ọmọ ọmọ Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Winston Churchill, lọ sí Bíáfírà fún ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ohun tó fojú rí nípa bọ́ǹbù tó ń bọ́ lu ọjà àti ilé ìwòsàn, ìwé náà sì dá ariwo sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba àpapọ̀ ní òun kò pàṣẹ pé kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ará ìlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ̀bà fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù dé, kò sí ní Dódan Bárékè láti gbọ́ irú àṣẹ tí wọ́n pa.

Lóru, MiG-17 kò lè ríran. Oúnjẹ àti ohun ìjà Bíáfírà sì jẹ́ òru ni wọ́n ń kó o wọ pápá Úlì, ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n sọ di pápá bàálù. Ìjọba àpapọ̀ kó bọ́ǹbù sínú bàálù akérò àtijọ́ kan, DC-3, kó máa lọ jù ú sí Úlì lóru. Ẹ rí i bí? Àdá kò ṣe iṣẹ́ ogbó, wọ́n ní kí ọ̀bẹ ìdáná wá ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, MiG-17 kan yìnbọn lu bàálù DC-7 ti Red Cross tó ń kó oúnjẹ lọ, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Red Cross dá ìrìn bàálù wọn dúró, ebi sì ń pa àwọn ọmọdé lọ ní tiwọn.

Ìyẹn náà kò ní kí bàálù kéékèèké má fojú MiG rí màbo. Oṣù karùn-ún ọdún 1969 náà ni ará Swídìn kan, Count Carl Gustaf von Rosen, kó bàálù ìkọ́ṣẹ́ kéékèèké márùn-ún jọ fún Bíáfírà, ó so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lábẹ́ ìyẹ́, wọ́n ń fò lábẹ́ orí igi, wọ́n lọ bá MiG àti àwọn bàálù mìíràn nílẹ̀ ní Port Harcourt, Bìní àti Ẹnúgu. Bàálù tó ń sá kìlómítà 1,100 ní wákàtí kan, bó bá dúró sílẹ̀, kò yàtọ̀ sí àga.

Bàbá kan wà ní Ìlá tó jagun náà ní apá ti ìjọba àpapọ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ rí MiG rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ariwo rẹ̀ la máa ń gbọ́, ọmọ mi. Kí o tó gbójú sókè, ó ti kọjá. A máa ń hó yè! Tiwa ni, kò kúkú wá bá wa." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àfi ọjọ́ tí a wọ ìlú kan tó ti kọ́kọ́ débẹ̀ ṣáájú wa. Ọjà ni. Igbá ìyá ọlọ́jà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò hó mọ́." Mo fẹ́ béèrè orúkọ ìlú náà, àmọ́ wọ́n ti ń pe ọmọ ọmọ wọn pé kó gbé omi wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. A ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n a kò jókòó ká ṣírò ohun tí bàálù ọ̀hún ṣe, ẹni tó rán an, ibi tó ju bọ́ǹbù sí, iye tó kú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Dípò ìṣírò, bàálù mìíràn la rà. Ní 1975, MiG-21 dé láti Rọ́ṣíà. Èyí ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pátápátá: ìyẹ́ rẹ̀ rí bí orí ọfà, eré rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì eré ohùn. Iye tí wọ́n ṣe jáde láyé lé ní 10,000. Àwọn ọmọ wa ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ọmọ Nàìjíríà ló ń wà á wàyí, ìyẹn tó nǹkan ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ní kí wọ́n tú òun palẹ̀, Rọ́ṣíà ló sì mọ ìdí rẹ̀. Kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ, a tún yíjú sí Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀ wá ní 1967. Wọ́n ta Jaguar 18 fún wa, ìyẹn bàálù tí àwọn àti Faransé jọ rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1984. Nígbà tó fi máa di 1991, owó àtúnṣe kò sí mọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síbi kan. Ọdún méje péré! Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ń ṣe? Ogbó ló ń wá. Amẹ́ríkà ti rọ F-15 àti F-16, Rọ́ṣíà sì rí i pé MiG-21 kò lè kojú wọn. Ní ọdún kan náà, 1977, méjì kọ́kọ́ fò: Su-27 ti ilé iṣẹ́ Sukhoi ní oṣù karùn-ún, MiG-29 ní oṣù kẹwàá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Nígbà tí wọ́n dán Su-27 àkọ́kọ́ wò, wọ́n rí i pé kò lè borí ti Amẹ́ríkà. Àwọn ìjọba mìíràn ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa pariwo pé ó dára. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, Mikhail Simonov, ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un yà. Ní 1981, tuntun fò, ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn bàálù tó dára jù lọ láyé. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti bí Su-30, Su-34 àti Su-35, àwọn tó ń jà lókè, tó ń ju bọ́ǹbù sísàlẹ̀, tó ń ríran lóru. Ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká ní òpin 1991, owó tán nílé, títa fún òkèèrè ló kù. Íńdíà rà, Ṣáínà rà, Àlùjíríà rà, Ùgáńdà náà ra Su-30 mẹ́fà. Owó bàálù àti ohun ìjà Ùgáńdà yìí, bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní 2011, tó mílíọ̀nù 740 dọ́là, àríyànjiyàn rẹ̀ sì mi ilé aṣòfin wọn tìtì. Ní 1999, Etiópíà fi Su-27 pàdé MiG-29 ti Eritrea lójú ọ̀run: Áfíríkà ń já ara wọn bọ́, Rọ́ṣíà kan náà ló rọ àwọn méjèèjì. Su-57, àbíkẹ́yìn wọn tí ẹ̀rọ awò-ọ̀nà-jíjìn kì í tètè rí, kọ́kọ́ fò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ ọmọ ogun wọn, ó ti di ìparí 2020. Ọdún mẹ́wàá gbáko. Irin kì í tètè di ogbó.

Àwa ńkọ́? Ní 2005 a ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 251 dọ́là lórí F-7 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti Ṣáínà. Kí ni F-7? MiG-21 ni, tí Ṣáínà wò rọ! Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, méjì nínú wọn kọlu ara wọn ní Kàtáńpè, Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń múra ayẹyẹ òmìnira sílẹ̀, awakọ̀ kan kú. Ní 2014, nígbà tí Boko Haram gbóná, Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n ta hẹlikọ́pítà Cobra fún wa, a tún padà sí Rọ́ṣíà, wọ́n ta Mi-35 fún wa. Ẹ ò rí i pé 1967 ló tún yọjú? Ní 2021, JF-17 mẹ́ta dé láti Pakistan, a sì fi wọ́n hàn ní Màkúdí ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Èyí gan-an ni bàálù oníṣẹ́-púpọ̀ ti òde òní, ogbó ni. Pakistan àti Ṣáínà ló jọ rọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? RD-93 ni, láti Rọ́ṣíà, ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì MiG-29. Rọ́ṣíà wọ ogun Ukraine ní 2022, òyìnbó sì fi òfin dè é kiri. Bí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì bá ní òun kò ráàyè, ta ni a ó sá tọ̀? Ọ̀nà Èkó tó ń dí ní ayé Kírìjì, ó ti gùn dé Mọ́síkò.

Ìyẹn apá kan. Apá kejì ló ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, bàálù ogun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Bọ́rọ̀nù. Àwọn dókítà òkèèrè tó wà níbẹ̀ ka òkú, ó kéré tán 90. Ìjọba ní àṣìṣe ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, ẹ̀rọ tí kò ní awakọ̀ nínú, ti àwọn sójà orí ilẹ̀, bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe Máúlúùdù ní Tudun Biri, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwọn tó kú kò dín ní 85. Wọ́n tún ní àṣìṣe ni. Bàálù ti kúrò ní MiG-17, ó ti ní ojú tó ń ríran lóru, ó ti ní ẹ̀rọ tó ń bá a wo ibi tí bọ́ǹbù ń lọ. Síbẹ̀ igbá ìyá ọlọ́jà ṣì ń ṣẹ́kù sílẹ̀. Àléébù náà kò sí lára irin mọ́.

Ẹnìkan lè ní ṣé kí a má ra bàálù ogun mọ́ ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ọ̀tá yí ká kò gbọdọ̀ sọ àdá nù. Àwọn tí ajínigbé ń lé kúrò lóko mọ̀ pé ẹni tó ní agbára gbọ́dọ̀ lò ó. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ìtàn yìí ń kọ́ wa. Èkíní, kí á kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ tí ń tún irin ṣe, kì í ṣe èyí tí ń wà á nìkan. Rọ́ṣíà tú ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì wò ní nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó ti ní tirẹ̀. Ṣáínà tú MiG wò, ó ní tirẹ̀. Àwa ra, a lò, a gbé e síbi kan, a tún ra. Èkejì, kí á máa ka òkú wa. Simonov jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ kò dára kó tó lè dára. Orílẹ̀-èdè tó bá ń pe ohun gbogbo ní àṣìṣe, tí kò sì ní ká tú u palẹ̀ ká wò ó, àṣìṣe kan náà ni yóò máa rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, lọ́wọ́ Ṣáínà, ní owó gọbọi.

Ogbó tí wọ́n fún Ọ̀ràngún, wọn kò yìn ín nítorí pé ó mú. Àdá tó mú pọ̀ lọ súà. Ohun tí wọ́n fi sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ni pé ó mọ̀nà.